“Kò sí i nínú ìdílé wa” kì í ṣe ẹ̀rí

Ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá ni àwọn méjì tó fẹ́ fẹ́ra wọn wá gba èsì jẹ́nótáìpù lọ́dọ̀ wa ní Ìlọrin. AS ni ọkọ, AS ni ìyàwó: àwọn méjèèjì ló gbé S, àbùkù ẹ̀jẹ̀ tó ń fa àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde, sára. Mo jókòó tì wọ́n, mo ṣàlàyé, ọ̀rọ̀ náà sì yé wọn débi tí omi fi lé ròrò lójú ọmọbìnrin náà. Kò pẹ́ ni fóònù dún láti Ọ̀fà. Bàbá ọkọ ìyàwó ni. Wọ́n ní kí wọ́n gbé e fún mi, wọ́n sì sọ ohun tí mo ti gbọ́ títí tó ti sú mi: “Ẹ má dẹ́rù ba àwọn ọmọ wa. A ṣe ìwádìí kí a tó lọ tọrọ ọmọ. Kò sí fòníkú-fọ̀ladìde nínú ìdílé wa, kò sí nínú tiwọn náà.” Mo ní, “Bàbá, ẹ̀jẹ̀ ọmọ yín ni mo yẹ̀ wò, n kò yẹ ìdílé wò.” Wọ́n pa fóònù mọ́ mi létí.

Ọdún kẹrìndínlógún rèé tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ ayẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. N kò ní sùúrù fún gbólóhùn yìí mọ́, nítorí mo ti rí àwọn ọmọ tó ń san gbèsè rẹ̀. Àwọn tó ń sọ ọ́ ní bí àìsàn bá jẹ́ àjogúnbá, a ó ti rí àgbà kan tó ń ṣe é nínú ilé. Ó dùn-ún gbọ́ létí, àmọ́ kì í ṣe òótọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi ń rí. A ó kán ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sórí bébà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí a ti rẹ sínú omi oògùn, a ó tan iná mànàmáná sí i. Èròjà ẹ̀jẹ̀ pupa tí wọ́n ń pè ní A á sáré síwájú, èyí tí wọ́n ń pè ní S á máa wọ́ bọ̀ lẹ́yìn. Bó bá jẹ́ AA, ìlà kan ni n ó rí níwájú. Bó bá jẹ́ SS, ìyẹn fòníkú-fọ̀ladìde gan-an, ìlà kan ni lẹ́yìn. Ti AS, ìlà méjì ni, wọ́n á dúró gedegbe. Ẹni tó ni ìlà méjì yẹn lè máa gbá bọ́ọ̀lù, ó lè máa roko, ó lè di arúgbó kùjọ́kùjọ́ láìsùn sí ọsibítù rí. Ara rẹ̀ le. Ṣùgbọ́n S wà níbẹ̀, mo fojú ara mi rí i.

Ìdí ni pé méjì-méjì la ń jogún nǹkan wọ̀nyí, ọ̀kan látọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan látọ̀dọ̀ ìyá. Ẹ wò ó bí ọlọ méjì nínú ilé kan. Bí ọ̀kan bá fọ́, èkejì á ṣì máa lọ ata, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ọkùnrin tó ní ọlọ fífọ́ kan wá lọ fẹ́ obìnrin tó ní ọlọ fífọ́ kan. Àwọn méjèèjì ń jẹ ọbẹ̀ wọn dáadáa. Wọ́n bímọ, ọmọ náà sì bọ́ sórí fífọ́ méjèèjì. Nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá 1 nínú 4 ni kó rí bẹ́ẹ̀. Tí AS bá sì ń fẹ́ AA láti ìran dé ìran, S á máa rìn jẹ́jẹ́, ẹnikẹ́ni ò ní ṣàìsàn rẹ̀, àfi lọ́jọ́ tó bá pàdé S mìíràn. Ní Nàìjíríà, nǹkan bí èèyàn 1 nínú 4 ló gbé e sára. Báwo ni wọn ò ṣe ní í pàdé?

Ta ló tilẹ̀ sọ pé kò sí i? Ọkùnrin kan láti Òmù-Àrán ń bá mi jiyàn nígbà kan, mo ní kó ka orúkọ àwọn àgbà ilé wọn fún mi. Ó ka Málọmọ́, ó ka Kòkúmọ́, ó ka Dúrójayé. Mo kàn ń wò ó. Ilé tó bá ń sọ ọmọ ní irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ti sin ọmọ púpọ̀ kó tó kan àwọn tó dúró. Àbíkú ni wọ́n pè wọ́n, wọ́n sì gbàgbé wọn, torí kò sẹ́ni tó ń ka ọmọ tó kú ní kékeré mọ́ ìdílé. Mo gbà pé èéyi àti ibà náà pa ọmọ nígbà yẹn, kì í ṣe gbogbo wọn ni SS. Síbẹ̀, ẹni tí Málọmọ́ bí kò lẹ́nu àti sọ pé kò sí i.

Kì í sì í ṣe SS nìkan. Ọ̀pọ̀ àìsàn àjogúnbá tí kì í jẹ́ kí ara lo oúnjẹ bó ṣe yẹ, ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń gbà wọlé. Ìyá kan wà ní Nọ́wè, Borgny Egeland lorúkọ rẹ̀. Ọmọ méjì ló bí, ọpọlọ àwọn méjèèjì kò dàgbà, itọ̀ wọn sì ní òórùn àjèjì kan. Òun àti ọkọ rẹ̀ kò ní àìsàn yìí. Ó ń ti ọ̀dọ̀ dókítà kan bọ́ sí òmíràn, kò rí ìdáhùn, títí di 1934 tí dókítà kan tó ń jẹ́ Asbjørn Følling gba itọ̀ àwọn ọmọ náà, tó kán kẹ́míkà kan, ferric chloride, sí i. Itọ̀ náà di àwọ̀ ewé. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti wá mọ̀ pé èròjà kan tó wà nínú ẹran, ẹyin àti wàrà, phenylalanine, ni ara wọn kò rí lọ̀, tó wá ń ba ọpọlọ wọn jẹ́. PKU ni wọ́n ń pè é lónìí. Níbi tí wọ́n ti ń yẹ̀ ẹ́ wò, gìgísẹ̀ ọmọ tuntun ni wọ́n ń gún, ọmọ tí wọ́n bá sì tètè rí á máa jẹ oúnjẹ ọ̀tọ̀, ọpọlọ rẹ̀ á sì pé. Kò wọ́pọ̀ láàárín àwa aláwọ̀ dúdú. Ìyá yẹn àti ọkọ rẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ wò: ara wọn dá ṣáṣá, àwọn méjèèjì ló sì fún ọmọ.

Ó ti ṣẹlẹ̀ sí èmi náà. Ọmọkùnrin mi kejì kò tíì pé ọjọ́ mẹ́fà tí ojú rẹ̀ fi pọ́n bí ìbẹ́pẹ. Aṣọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí mo kó pamọ́ pẹ̀lú kánfọ̀ ni mo gbé wọ̀ ọ́. Àwọn dókítà ní láti pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kó tó yè. Àyẹ̀wò fi hàn pé G6PD, èròjà tó ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀ pupa, kò tó lára rẹ̀, ìyẹn ni kánfọ̀ àti àwọn oògùn kan fi lè fọ́ ẹ̀jẹ̀ náà. Ọmọkùnrin tó bá ní àìtó G6PD yìí, ọ̀dọ̀ ìyá ló ti rí i, ara ìyá sì lè le koko. Màmá mi yarí: “Kò sí i nínú ìdílé wa!” Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wà ní ìjókòó. Ó rọra ní, “Màmá, ẹ ò rántí ìgbà tí itọ̀ mi dúdú bí zobo?” Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà náà. Ó lo oògùn kan, ojú rẹ̀ pọ́n, wọ́n ní ibà pọ́njú ni, wọ́n fún un ní àgbo. A yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e. Òun náà ní i. Ó ti lé lógójì ọdún, kò sẹ́ni tó mọ̀, bẹ́ẹ̀ nǹkan bí ọkùnrin 1 nínú 5 láàárín àwa Yorùbá ló ní i, dókítà onímọ̀ ẹ̀jẹ̀ kan, Lucio Luzzatto, sì ti ṣe ìwádìí lórí rẹ̀ ní Ìbàdàn láàárín 1964 sí 1974.

Àwọn kan á wá ní ìyá ló kó o wá nìyẹn. Fún G6PD ọmọkùnrin, bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀dọ̀ mi ló ti wá, n kò sì yàn án. Fún SS, bàbá àti ìyá ni, dọ́gbadọ́gba. Obìnrin tí wọ́n lé jáde nítorí ọmọ SS, ìdajì ohun tó fa àìsàn náà ṣì wà lára ọkọ tó lé e. Àwọn àìsàn kan wà tó jẹ́ pé ara ọmọ fúnra rẹ̀ ni àṣìṣe náà ti kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀. Mo gbà. SS kọ́ nìyẹn.

Bàbá wa ní Ọ̀fà, S tí mo rí nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ yín, ẹ̀yin tàbí ìyá rẹ̀ lẹ fún un. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọkọ̀ wá sí Ìlọrin, ẹ̀yin méjèèjì. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ni n ó gbà, n ó sì pè yín wá wo ìlà méjì náà pẹ̀lú ojú ara yín.