Ọdún 81 ló kù lórí fúláàtì yín, ẹ wá fọkàn balẹ̀

Àwa Yorùbá tá a ra fúláàtì ní London lórí líìsì (ìwé tó fún wa nílé fún iye ọdún kan pàtó), ọ̀rọ̀ kan náà ló wà lẹ́nu gbogbo wa: "Ọdún rẹpẹtẹ ṣì wà lórí líìsì mi jàre, ta ló máa wà láyé dìgbà yẹn?" Àǹtí mi kan ní Peckham sọ ọ́ fún mi ní kíṣìnnì wọn, wọ́n ń ro ọbẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n fẹ́ ta ilé kí wọ́n padà sí Ìjẹ̀bú. Mo ní Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé líìsì yẹn wá ká jọ wò ó.

Fúláàtì káńsù ni, Right to Buy (ètò tí ẹni tó ń háyà ilé káńsù fi lè rà á) ni wọ́n fi rà á ní 2004, wọ́n sì fọwọ́ sọ̀yà pé ọdún 125 làwọn rà. Rárá o. Òfin gba káńsù láyè pé kí líìsì gbogbo fúláàtì inú bílídìn kan parí lọ́jọ́ kan náà pẹ̀lú èyí tí wọ́n kọ́kọ́ tà níbẹ̀, ẹni àkọ́kọ́ tó sì ra nínú bílídìn Àǹtí, 1982 ló rà, ó wà níbẹ̀ gbangba ní ojú ìwé kejì, 2107 ni gbogbo wọn máa parí. Ọdún 103 ni Àǹtí rà látọjọ́ yìí! Tó bá di 2027, ó ku 80.

Ẹ̀mí yín kọ́ ni báǹkì ń kà. Ẹni tó fẹ́ ra ilé lọ́wọ́ yín máa yá mọ́gééjì, báǹkì rẹ̀ sì fẹ́ mọ iye ọdún tó máa ṣẹ́ kù lórí líìsì lẹ́yìn tó bá san gbèsè tán. Èyí tó tún burú ni pé òfin 1993, tó fún wa lẹ́tọ̀ọ́ láti fi ọdún 90 kún líìsì, ní tó bá ti ku 80 tàbí tí ò tiẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, owó tí wọ́n ń pè ní marriage value wọ̀ ọ́ (ẹ má wulẹ̀ wá ìyàwó kankan níbẹ̀). Fúláàtì yín máa gbówó lórí sí i tí líìsì bá gùn, lándílọ́ọ̀dù á wá ní kẹ́ ẹ fún òun ní ìdajì èrè yẹn. Owó lọ́yà rẹ̀ náà, ẹ̀yin lẹ máa san án.

Ẹ̀gbọ́n kan ní òfin 2024 ti pa ìyẹn rẹ́. Òfin yẹn wà lóòótọ́, àmọ́ bí mo ṣe ń kọ èyí, apá tó kan marriage value ò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ground rent, owó ilẹ̀ tẹ́ ẹ ń san fún lándílọ́ọ̀dù lọ́dọọdún, ńkọ́? Ti Àǹtí ò ju £10 lọ́dún lọ, ìyẹn ò dí títà lọ́wọ́. Ìjà wà nídìí àwọn ilé aládàáni, torí àwọn èèyàn rò pé ìjọba ti fagi lé ground rent, bẹ́ẹ̀ líìsì tuntun tí wọ́n ṣe láti 30 June 2022 nìkan ni òfin tó fagi lé e kàn. Tí tiyín bá jẹ́ £250 tó ń di ìlọ́po méjì lọ́dún mẹ́wàá mẹ́wàá, á ti di £8,000 tó bá pé 50 ọdún, ọ̀pọ̀ báǹkì tó bá sì rí ìlà yẹn nínú líìsì ò ní yá ẹnikẹ́ni lówó lé e.

Bóyá C of O ló kọ́ wa báyìí, ọdún 99 ló wà lórí tiẹ̀ náà, àmọ́ 1978 ni òfin ilẹ̀ Nàìjíríà dé, èyí tí wọ́n fún wa látìgbà náà ò tíì pé 99, kò sẹ́ni tó tíì rí ìdí rẹ̀.

Àǹtí ní àwọn ò lówó tí wọ́n máa fi fa líìsì gùn. Mo ní kò pọn dandan kẹ́ ẹ san án: kí lọ́yà fún káńsù ní nótíìsì Section 42 (ìwé tẹ́ ẹ fi ń béèrè àfikún ọdún lábẹ́ òfin 1993 yẹn) nísinsìnyí, torí ọjọ́ tí wọ́n bá fún wọn ni wọ́n máa fi ka ọdún tó kù, kẹ́ ẹ wá gbé nótíìsì yẹn fún ẹni tó ń ra ilé pẹ̀lú ilé náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, òun á sanwó yòókù. Tí lọ́yà bá gbàgbé láti gbé e fún un pẹ̀lú ilé, nótíìsì ti kú nìyẹn.

Àǹtí pa gáàsì. "Ìwọ ọmọ yìí, bá mi wá nọ́ńbà lọ́yà yẹn."