Ìdáríjì Kò Lè Dípò Ìdájọ́ Òdodo fún Àwọn Ẹ̀yà Kéékèèké

Nígbà tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú dúró níwájú àwọn aṣòfin àpapọ̀ ní Àbújá ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 2025, tí ó kéde ìdáríjì fún Ken Saro-Wiwa, òǹkọ̀wé tí ó jà fún ẹ̀tọ́ àwọn Ogoni, ẹ̀yà kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Rivers, àti àwọn ọmọ Ogoni mẹ́jọ mìíràn tí ìjọba ológun Sani Abacha so kọ́ ní Port Harcourt ní ọjọ́ 10 oṣù kọkànlá ọdún 1995, tí ó sì fi oyè orílẹ̀-èdè dá wọn lọ́lá, ọ̀pọ̀ ènìyàn pàtẹ́wọ́ fún un. Àwa náà mọ rírì ìgbésẹ̀ yẹn, nítorí ààrẹ mẹ́rin ni ó ti jẹ ṣáájú rẹ̀ láti ìgbà tí àwọn ológun ti padà sí bárékè, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí ó ṣe irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ṣẹ̀ ni a ń dárí jì. Ìdáríjì kò sọ pé ìgbìmọ̀ tí ó dájọ́ ikú yẹn ṣe àṣìṣe. Ó gba ìdájọ́ náà bí ó ṣe wà, ó kàn ń ṣàánú ẹni tí wọ́n dá lẹ́bi ni. Àwọn mẹ́sàn-án yìí sì ti jẹ ìyà tiwọn tán láti nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn.

Irú ìdájọ́ wo ni? Ní ọjọ́ 21 oṣù karùn-ún ọdún 1994, wọ́n pa àwọn àgbààgbà Ogoni mẹ́rin ní Giokoo, ní ilẹ̀ Gokana. Ìwà ọ̀daràn tó burú jáì ni, àwọn ẹbí àwọn mẹ́rin yìí sì lẹ́tọ̀ọ́ títí di òní olónìí láti mọ ẹni tí ó gbẹ̀mí ènìyàn wọn gan-an. Ìjọba fẹ̀sùn ikú wọn kan Saro-Wiwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Dípò kí ó jẹ́ kí àwọn ọlọ́pàá àti ilé-ẹjọ́ ṣe iṣẹ́ wọn, ìgbìmọ̀ olùgbẹ́jọ́ àkànṣe ni ó gbé kalẹ̀, ó fi ọ̀gá ológun tí ó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ sí àárín àwọn onídàájọ́, ó sì ti ilẹ̀kùn ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn mọ́ àwọn olùjẹ́jọ́. Olóògbé Gàní Fáwẹ̀hìnmi àti Fẹ́mi Fálànà wà lára àwọn agbẹjọ́rò tí ó ń gbèjà wọn. Àwọn méjèèjì fi ẹjọ́ náà sílẹ̀ nígbà tí wọ́n rí i pé òdodo kò lè ti ibẹ̀ jáde. Ní ọjọ́ 8 oṣù kọkànlá ọdún 1995 ni àwọn ológun tí ó ń ṣèjọba fọwọ́ sí ìdájọ́ náà, nígbà tí yóò sì fi di ọjọ́ 10, ẹ̀mí ti bọ́ lára wọn. Ní ọjọ́ kejì ikú náà, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Commonwealth dá Nàìjíríà dúró.

Ìbéèrè tí ìwé ìròyìn yìí fẹ́ dáhùn ni bóyá ìjọba àpapọ̀ ń dáàbò bo àwọn ọmọ Nàìjíríà tí ẹ̀yà wọn kò pọ̀ níye. Ìdáhùn wa ni pé kò ṣe é tó. Kì í ṣe pé ìjọba kò fún wọn ní nǹkan kan: láti ọdún 1999 wá, ó ti fún wọn ní owó, ó ti dá àjọ sílẹ̀ nítorí wọn, ó ti yan mínísítà fún wọn. Ohun tí kò tíì fún wọn ni pé kí ẹni tí ó bá pa wọ́n lára wá fẹnu ara rẹ̀ rojọ́ níwájú adájọ́, pàápàá bí ẹni náà bá jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tàbí ilé-iṣẹ́ tí ó ń bá ìjọba dòwò pọ̀. Níbi tí èyí kò bá sí, ọrẹ lásán ni ìyókù, ọwọ́ tí ó sì fúnni lọ́rẹ lè gbà á padà nígbà tí ó bá wù ú.

Ọ̀rọ̀ yìí ti wà ṣáájú òmìnira. Ní ọdún 1957, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ lábẹ́ Henry Willink láti gbọ́ ẹ̀dùn àwọn ẹ̀yà tí wọ́n ń bẹ̀rù pé bí òyìnbó bá lọ tán, àwọn Hausa-Fúlàní, Yorùbá àti Ígbò ni yóò máa tẹ àwọn mọ́lẹ̀. Àwọn Ijaw sọ tiwọn, àwọn Ẹdó sọ tiwọn, àwọn Tiv náà sì sọ̀rọ̀. A kò gbọdọ̀ gbàgbé pé ọ̀rọ̀ àwọn Yorùbá Ìlọrin àti Kàbà náà wà níwájú ìgbìmọ̀ yẹn, nítorí pé lábẹ́ ìjọba Àríwá, ẹ̀yà kékeré ni wọ́n. Nígbà tí Willink jábọ̀ ní ọdún 1958, ó gbà pé ẹ̀rù tí ó ń ba àwọn ènìyàn wọ̀nyí kì í ṣe ẹ̀rù òfìfo, síbẹ̀ kò fara mọ́ dídá ìpínlẹ̀ tuntun sílẹ̀. Ohun tí ó dámọ̀ràn ni pé kí a kọ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn sínú ìwé òfin. A kọ ọ́. Ó wà nínú ìwé òfin òmìnira, ó wà nínú èyí tí à ń lò lónìí, níbi tí abala 42 ti fòfin de fífi ìyà jẹ ènìyàn nítorí ẹ̀yà rẹ̀, ẹ̀sìn rẹ̀ tàbí bí wọ́n ṣe bí i. Ọdún 1958 yẹn kan náà ni Shell rí epo rọ̀bì ní K-Dere, ní ilẹ̀ Ogoni.

Ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́rin péré ni ilẹ̀ náà: Khana, Gokana, Tai àti Eleme. Àgbẹ̀ àti apẹja ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn, wọn kò sì ní ilẹ̀ mìíràn tí wọn lè kó lọ nígbà tí epo bá dà sí oko àti odò wọn. Ní ọdún 1990, wọ́n kọ ìwé ẹ̀tọ́ tiwọn, wọ́n fi ránṣẹ́ sí ìjọba àpapọ̀, wọ́n ní kí wọ́n jẹ́ kí àwọn lọ́wọ́ sí bí a ṣe ń ṣàkóso ilẹ̀ àwọn, kí àwọn sì jẹ nínú èrè tí ó ń tibẹ̀ wá. Ní ọjọ́ 4 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1993, ọ̀kẹ́ àìmọye wọn jáde láti fẹ̀hónú hàn láìmú ohun ìjà dání, Shell sì dáwọ́ wíwa epo dúró níbẹ̀ lọ́dún náà. Ohun tí ìjọba fi fèsì ni àwọn ológun, ẹ̀wọ̀n, àti nígbẹ̀yìn, okùn.

Nígbà tí àjọ tí ó ń mójú tó àyíká lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé wá ṣe àyẹ̀wò ilẹ̀ Ogoni, tí ó sì gbé àbọ̀ rẹ̀ jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 2011, kò sí ẹni tí ó tún lè sọ pé àwọn ará ibẹ̀ ń ṣàsọdùn. Ní Nsisioken Ogale, ní ìjọba ìbílẹ̀ Eleme, kẹ́míkà benzene, tí ó máa ń fa àrùn jẹjẹrẹ, wà nínú omi kànga tí àwọn ènìyàn ń mu, ó sì ju ìlọ́po 900 ìwọ̀n tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí lọ. Ẹ jẹ́ kí a ro ohun tí èyí túmọ̀ sí nínú ilé kan: omi tí wọ́n fi ń po ògì ọmọ, tí wọ́n fi ń wẹ̀, tí wọ́n fi ń fọ abọ́. Àjọ náà ní àtúnṣe ilẹ̀ yìí lè gba ọdún 25 sí 30, àti pé kí wọ́n kọ́kọ́ ya bílíọ̀nù kan dọ́là sọ́tọ̀ fún ọdún márùn-ún àkọ́kọ́. Ọmọ Ijaw, ẹ̀yà tí ó wà ní Niger Delta kan náà, ni Ààrẹ tí ó gba àbọ̀ yẹn, Goodluck Jonathan, ó sì fi ipò sílẹ̀ ní ọdún 2015 láìtíì bẹ̀rẹ̀ ìmọ́tótó náà. Ìyẹn gan-an ni ó mú wa gbà pé yíyan ọmọ ẹ̀yà kékeré sí ipò gíga kì í ṣe ààbò fún ẹ̀yà náà. Oṣù kẹfà ọdún 2016 ni Igbákejì Ààrẹ nígbà náà, Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò, tó lọ sí Bodo láti ṣí iṣẹ́ náà.

Bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Omi ẹ̀rọ ti dé àwọn ìlú kan ní Ogoni, wọ́n ti ń gbin igi padà sí etí odò ní àwọn ibòmíràn, Ààrẹ sì buwọ́ lu òfin tí ó dá yunifásítì àyíká àti ìmọ̀ ẹ̀rọ sílẹ̀ ní Tai ní ọdún 2025. Ìwé òfin sọ pé ìpín àwọn ìpínlẹ̀ tí ohun àlùmọ́ọ́nì ti ń jáde kò gbọdọ̀ dín ní ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdajì ni nígbà òmìnira. Àwọn tí ó ń gbèjà ìjọba máa ń ka gbogbo èyí sílẹ̀, wọ́n á ní kí ni àwọn ará Niger Delta tún ń fẹ́. Èsì wa ni pé owó ìpín wọ̀nyí ń lọ sọ́wọ́ gómìnà àti àwọn tí ó yí i ká, àti pé, bí ó tilẹ̀ ń dé ọwọ́ mẹ̀kúnnù, kò sí iye tí ó lè rọ́pò ẹ̀tọ́ láti pe ẹni tí ó ba kànga rẹ jẹ́ lẹ́jọ́ nínú ìlú rẹ, kí o sì rí ìdájọ́ gbà kí o tó kú. Ìlú London ni àwọn ará Bodo gbé ẹjọ́ wọn lọ nítorí epo tí ó dà sí odò wọn ní ọdún 2008, ibẹ̀ sì ni Shell ti gbà ní ọdún 2015 láti san mílíọ̀nù 55 pọ́n-ùn. Ó yẹ kí ojú ti ìjọba orílẹ̀-èdè kan tí àwọn ọmọ rẹ̀ ní láti sọdá òkun kí wọ́n tó lè gba ẹ̀tọ́ lórí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé wọn.

Àwọn ará Áfíríkà ẹlẹgbẹ́ wa pàápàá ti dá Nàìjíríà lẹ́bi. Àjọ kan tí ó fi Èkó ṣe ibùjókòó gbé ọ̀rọ̀ Ogoni lọ síwájú Ìgbìmọ̀ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn Áfíríkà, tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Banjul, ní ọdún 1996, ìgbìmọ̀ náà sì sọ ní ọdún 2001 pé ìjọba Nàìjíríà tẹ ẹ̀tọ́ àwọn ènìyàn náà sí ìlera, sí àyíká tí ó mọ́, sí dúkìá wọn àti sí ẹ̀mí wọn lójú. Ó ní kí ìjọba ṣèwádìí, kí ó sì gbé àwọn òṣìṣẹ́ tí ó lọ́wọ́ nínú rẹ̀ lọ sílé-ẹjọ́. Apá ìwádìí àti ìjẹ́jọ́ yìí gan-an ni ìjọba kọ etí dídi sí.

Ológun nìkan sì kọ́ ni ó ṣe irú èyí. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1999, lẹ́yìn tí àwọn ọ̀dọ́ kan pa ọlọ́pàá ní agbègbè Odi, ní Bayelsa, ìjọba Olóyè Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ rán ọmọ ogun sí ìlú náà, wọ́n sì sọ ọ́ di eérú, àyàfi ìwọ̀nba ilé díẹ̀. Ọmọ wa ni ó wà lórí àga, ìjọba tí ará ìlú dìbò yàn ni, àwa ìwé ìròyìn Yorùbá kò sì gbọdọ̀ fi ìyẹn pamọ́. Ní ọdún 2013, Ilé-ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ ní Port Harcourt pàṣẹ pé kí ìjọba san bílíọ̀nù 37.6 náírà fún àwọn ará Odi. A kò gbọ́ pé ọ̀gá ológun kankan dúró níwájú adájọ́ nítorí rẹ̀.

Ní ìpínlẹ̀ Plateau, ìwé àbọ̀ ìwádìí kò wọ́n. Adájọ́ Niki Tobi wádìí ìjà tó bẹ́ sílẹ̀ ní Jos ní ọdún 2001. Ọmọba Bọ́lá Ajíbọ́lá, tí ó ti jẹ́ adájọ́ ní Ilé-ẹjọ́ Àgbáyé, wádìí ti ọdún 2008. Àwọn ènìyàn jẹ́rìí, wọ́n kọ orúkọ sílẹ̀, wọ́n dámọ̀ràn ìjẹ́jọ́; ìwọ̀nba ènìyàn díẹ̀ ni ó fojú ba ilé-ẹjọ́. Ẹni tí ó bá ti pa ènìyàn rí, tí ó sì mọ̀ pé kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni yóò fi òun ṣe, yóò tún padà wá. Ní àṣálẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú ọdún Kérésìmesì 2023, àwọn agbébọn ya wọ àwọn abúlé ní Bokkos àti Barkin Ladi, òkú tí wọ́n kà sì lé ní ọgọ́rùn-ún. Bákan náà ni àwọn Hausa tí a bí sí Jos, tí a bí bàbá wọn àti bàbá bàbá wọn síbẹ̀, kì í rí ìwé ẹ̀rí ọmọ onílẹ̀ gbà, èyí tí wọ́n nílò láti wọ ilé-ìwé tàbí láti rí iṣẹ́ ìjọba. Berom, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀yà ìpínlẹ̀ Plateau, kéré ní Nàìjíríà, Hausa kéré ní Plateau, ìjọba àpapọ̀ ni ó yẹ kí ó dáàbò bo àwọn méjèèjì.

Ilẹ̀ tiwa náà ń jẹ́jọ́ yìí. Ní Otodo-Gbame, lẹ́bàá Lẹ́kkí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn apẹja, tí Ẹ̀gùn pọ̀ jù nínú wọn, ni wọ́n lé kúrò nílé wọn láàárín oṣù kọkànlá ọdún 2016 àti oṣù kẹrin ọdún 2017, tí wọ́n sì dáná sun ibùgbé wọn. Ilé-ẹjọ́ Gíga ìpínlẹ̀ Èkó sọ ní oṣù kẹfà ọdún 2017 pé lílé wọn láìpèsè ibòmíràn fún wọn lòdì sí òfin, ìwà ìkà sì ni. Yorùbá tí ó bá ń bínú nítorí bí wọ́n ṣe ń ṣe àwọn Okun ní Kogi, tí kò sì rí nǹkan kan sọ nípa Ẹ̀gùn ní Èkó, kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í bínú nítorí ẹ̀tọ́.

Ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ Ààrẹ, tí òun fúnra rẹ̀ sá fún ìjọba Abacha, kò kọjá agbára rẹ̀. Kí ó gbé àbádòfin lọ síwájú àwọn aṣòfin tí yóò fagi lé ìdájọ́ ìgbìmọ̀ ọdún 1995 pátápátá, kí ó sì pàṣẹ ìwádìí tuntun lórí ikú àwọn àgbààgbà mẹ́rin ti Giokoo, nítorí òtítọ́ kan náà ni yóò tu ẹbí àwọn mẹ́tàlá nínú. Kí Mínísítà fún ètò ìdájọ́ gbé àbọ̀ ìwádìí Jos jáde síta, kí ó sì sọ fún ará ìlú ìdí tí wọn kò fi pe àwọn tí orúkọ wọn wà nínú rẹ̀ lẹ́jọ́.

Èyí tí ó jẹ́ kánjúkánjú jù ni ti epo. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025, Ààrẹ gba àwọn aṣáájú Ogoni lálejò ní Àbújá, láti ìgbà náà ni ìjọba sì ti ń sọ̀rọ̀ nípa bíbẹ̀rẹ̀ wíwa epo padà ní ilẹ̀ wọn. A kò sọ pé kí epo wà nínú ilẹ̀ títí láé. Àwọn ará Ogoni ni ó ni ìyẹn láti sọ. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni tó gbẹ́ kànga epo tuntun kan ní Gokana, ó yẹ kí àwọn ará Ogale máa mu omi tí ilé àyẹ̀wò tí kò sí lábẹ́ ìjọba ti jẹ́rìí sí, kí àbọ̀ iye owó tí wọ́n ti ná lórí ìmọ́tótó náà àti ibi tí wọ́n ná an sí wà ní gbangba fún gbogbo ènìyàn láti kà, kí àdéhùn tí wọ́n bá ṣe sì wà ní àkọsílẹ̀ tí ará ìlú kan ní Khana lè gbé lọ sí ilé-ẹjọ́ ní Bori bí wọ́n bá yẹ̀ ẹ́.