Kẹ́ ẹ tó yọ ọmọ kúrò nílé ìwé, ta ló wà nílé?

Ọ̀rọ̀ homeschool yìí ti ń jà ràn-ìn láàárín àwa òbí n'Íkòròdú níbí, ẹ máa gbọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ máa gbọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀bù onídìrí, ẹnì kan á ní òun ti yọ ọmọ òun kúrò nílé ìwé ìjọba, òun fúnra òun láá máa kọ́ ọ nílé, ẹlòmíì á ní ìyẹn ò da nǹkan kan, ọmọ tí ò bá lọ súkúlù ò lè gbọ́n. Wọ́n á fà á títí ilẹ̀ á fi ṣú. Èmi náà fẹ́ sọ tèmi, torí iṣẹ́ lésìn ni mò ń ṣe, mò ń wọlé lọ bá àwọn ọmọ tó ń kàwé nílé, mo tún ń gba àwọn ọmọ ilé ìwé ìjọba nírọ̀lẹ́, ojú mi ti rí méjèèjì. Ká tó máa jiyàn pé èwo ló dáa jù, ẹ jọ̀ọ́ ẹ kọ́kọ́ dá mi lóhùn: láti aago mẹ́jọ àárọ̀ sí aago méjì ọ̀sán, ta ló máa wà nílé pẹ̀lú ọmọ yẹn?

Ẹ wo ìlú wa yìí ná. Kó tó di aago márùn-ún ìdájí gáréèjì ti kún, àwọn kọ̀ńdọ́ ti ń lọgun "Kétu, Ọjọ́ta, Ọ̀báléǹdé, ẹ mú ṣéńjì yín dání o", ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ ní Island gbọ́dọ̀ ti jáde kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Mile 12 má bàa ká a mọ́ ojú ọ̀nà, tó bá fi máa dé lálẹ́, ọmọ ti sùn. Bí bàbá ṣe ń lọ ni màmá náà ń lọ. Ìyá tó ń tajà ní Sábó ò kúkú lọ Èkó, àmọ́ òun náà ò sí nílé, ọjà ló wà. Irú ilé báyìí ló máa ń pè mí pé àwọn fẹ́ kí ọmọ àwọn máa kàwé nílé. Màá ní ta láá máa kọ́ ọ? Wọ́n á ní àǹtí ẹ̀ wà níbẹ̀. Àǹtí yẹn, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún tí wọ́n mú wá láti ilé, tí òun gan-an ò tíì ṣe WAEC, òun ló ń dáná, òun ló ń fọṣọ, òun ló ń pọn àbúrò, òun náà ni wọ́n tún fẹ́ kó ṣe tíṣà. Tó bá ti rẹ̀ ẹ́, á gbé fóònù fún ọmọ, YouTube á máa kọrin A B C sí i létí títí dátà á fi tán. Inú máa ń bí mi tí mo bá rí i, torí ọmọ yẹn ò mọ̀ pé ọjọ́ ń lọ lórí òun.

Kí n má parọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni, àwọn tó ń ṣe é dáadáa wà. Obìnrin kan wà ní Igbogbo, tíṣà ni tẹ́lẹ̀, kéèkì ló ń ṣe báyìí nínú ilé. Ọmọkùnrin ẹ̀ ò lè ya b sọ́tọ̀ kúrò lára d, níbi tó ń lọ tẹ́lẹ̀ wọ́n nà án, wọ́n pè é lólódo lójú àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀, ó wá di pé tílẹ̀ bá ti ń mọ́ báyìí inú á bẹ̀rẹ̀ sí í run ọmọ. Ìyá ẹ̀ yọ ọ́. Ó gé páálí, ó fi gọ́ọ̀mù kọ lẹ́tà gàdàgbà-gadagba sí i, ó bu yanrìn lé gọ́ọ̀mù yẹn lórí, ó sá a sóòrùn kó gbẹ, ọmọ wá ń fi ìka tọ ojú yanrìn náà, á máa pe lẹ́tà bí ìka ẹ̀ ṣe ń lọ, b, ìka á sọ̀ kalẹ̀, á padà gòkè díẹ̀, á yí sápá ọ̀tún. Àràárọ̀ ni, tí kéèkì bá ti wọ ófùn. Ọmọ yẹn ti ń kàwé báyìí, ìṣirò nìkan lèmi ń bá a ṣe. Tíṣà wo ló fẹ́ ráyè ìyẹn ní kíláàsì tí ọmọ ti lé ní àádọ́ta? Fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, àti àwọn ọmọ fòníkú-fọ̀ladìde tí ara wọn kì í gbà fún wọn láti lọ déédéé, mo wà lẹ́yìn ìyá wọn gbágbáágbá. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa, ìyá yẹn wà nílé, ó mọ iṣẹ́ tíṣà, ó sì ní sùúrù. Ilé mélòó ló ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta n'Íkòròdú yìí?

Ilé ìwé ìjọba tí gbogbo èèyàn ń bú, mo mọ àbùkù ẹ̀, ẹnikẹ́ni ò lè sọ ọ́ fún mi. Ìlànà ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè yìí ní tíṣà kan sí ọmọ 35 ní pámárì, ẹ wọ kíláàsì kẹ́ ẹ máa kà á. Bẹ́ńṣì ọmọ mẹ́ta, márùn-ún ló wà lórí ẹ̀, ìwé kan ni ọmọ mẹ́rin ń yọjú wò. Àmọ́ ọmọbìnrin kan wà nínú àwọn tí mo ń gbà nírọ̀lẹ́, pámárì fọ́ọ̀ ló wà, tíṣà wọn kọ́ wọn ní àyọkúrò, kò ráyè dé ọ̀dọ̀ àwọn tó wà lẹ́yìn, ọmọ yìí ló wá ń ti bẹ́ńṣì kan bọ́ sí òmíràn, ó ń sọ fún wọn pé "mú 17 kúrò nínú 52, ó dáa, méje ò ṣeé yọ nínú méjì, lọ yá mẹ́wàá lọ́wọ́ márùn-ún tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ, òun á ku mẹ́rin, ìwọ á di méjìlá". Ó ṣe é fún mi bó ṣe ṣe é fún wọn, ó ń nàka, ó ń jágbe mọ́ mi bíi tíṣà. Ọmọ tó bá ti ṣàlàyé nǹkan fáwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ báyẹn, kò lè gbàgbé ẹ̀ mọ́. Ọmọ Igbogbo ò rẹ́ni ṣàlàyé fún nínú ilé, ìyá ẹ̀ gan-an mọ̀, ìdí nìyẹn tó fi ń mú un wá sáàárín àwọn yòókù nírọ̀lẹ́ báyìí.

Àbí ẹ ti gbàgbé 2020 ni? Oṣù kẹta ni wọ́n ti ilé ìwé pa nítorí kòrónà, gbogbo wa di homeschool lọ́sàn-án kan òru kan, wọ́n ń kọ́ ọmọ lórí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n. Nígbà tí wọ́n padà ṣí i, téèyàn bá ti gbé ìwé síwájú ọmọ, kò ní pẹ́ tó fi máa mọ ilé tí àgbàlagbà ti jókòó ti ọmọ. Ọmọ tí ìyá ẹ̀ ń jókòó gbọ́ rédíò pẹ̀lú ẹ̀, tó ń bi í léèrè, ó tilẹ̀ tẹ̀ síwájú. Èyí tí wọ́n tan rédíò fún tí wọ́n bá tiwọn lọ, ìwé kíkà gan-an ti ń lọ́ mọ́ ọn lẹ́nu.

Láyé àwọn bàbá wa, ilé náà lọmọ ti ń kẹ́kọ̀ọ́, lóko, nínú ọkọ̀ apẹja, ní ilé kéú. Ẹ̀kọ́ gidi ni, n ò ní kẹ́nikẹ́ni bú u, ṣùgbọ́n ibi tí ìmọ̀ bàbá bá parí sí, ibẹ̀ lọ̀pọ̀ ọmọ ń dúró sí. Nígbà tí ìjọba Awólọ́wọ̀ wá bẹ̀rẹ̀ pámárì ọ̀fẹ́ ní Western Region ní January 1955, Western Region náà ni Ìkòròdú wà, wọn ò tíì dá Lagos State sílẹ̀, ó di 1967 kí wọ́n tó dá a. Àwọn tí bàbá wọn ò mọ a yàtọ̀ sí b di nọ́ọ̀sì, wọ́n di tíṣà, wọ́n di lọ́yà. Jákàńdè di gómìnà Èkó ní 1979, àwọn ọmọ kan ń lọ súkúlù láàárọ̀, òmíràn ń lọ lọ́sàn-án torí kò sí kíláàsì, ó kọ́ kíláàsì gbọọrọ-gbọọrọ káàkiri, ó fòpin sí ti ọ̀sán, àwọn kan ní ilé adìyẹ ló kọ́. Àìmọye èèyàn tó ń jẹun lónìí ló ti inú ilé adìyẹ yẹn jáde.

Nǹkan míì tí àwọn tó ń polówó homeschool kì í sọ ni ti ìdánwò. Òfin UBE ti 2004, ìyẹn òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ, ní dandan ni kí òbí rí i pé ọmọ lọ ilé ìwé kó sì parí pámárì àti JSS, ọ̀fẹ́ sì ni níbi tí ìjọba bá dá sílẹ̀. Máàkì CA, ìyẹn máàkì iṣẹ́ àti ìdánwò kéékèèké tí wọ́n ń kó jọ láti kíláàsì, máa ń wọ inú ìdánwò JSS3 àti WAEC tí wọ́n ń ṣe nílé ìwé, ọmọ tó wà nílé ò ní ìyẹn, GCE ló kù fún un, ìyẹn WAEC tí ẹni tí ò sí nílé ìwé ń ṣe. Ó lè ṣe é kó sì yege, mo mọ èyí tó yege. Àmọ́ ìyá tí ò tíì gbọ́ nípa ẹ̀ rí títí ọmọ fi pé ọdún mẹ́rìnlá, kí ló fẹ́ ṣe? Ẹni tó sì ń sáré pé kí ọmọ òun parí kíákíá, ẹ rántí pé ọdún mẹ́rìndínlógún ni wọ́n ní kọ́mọ pé kó tó wọ yunifásítì. Wọ́n á tún ní Amẹ́ríkà ń ṣe é. Bẹ́ẹ̀ ni, gbogbo ìpínlẹ̀ wọn ló gbà á láyè, Jámánì ò gbà á rárá, ṣùgbọ́n Amẹ́ríkà náà, ẹnì kan ní láti jókòó ti ọmọ.

Ohun tó ká mi lára jù ni pé àwọn tó lẹ́nu, tó lè dìde nínú mítìn PTA kí gbogbo èèyàn dákẹ́, àwọn ló ń kọ́kọ́ kó ọmọ wọn jáde. Ẹni tó bá kù ni ìyá alákàrà tó ń bẹ̀rù tíṣà. Ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún owó ìjọba àpapọ̀ ni òfin UBE ní kí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ẹ̀kọ́ yìí, ìpínlẹ̀ sì gbọ́dọ̀ gbé owó tiẹ̀ kalẹ̀ kó tó gba èyí tí wọ́n fi ń kọ́ kíláàsì, tí wọ́n fi ń ra bẹ́ńṣì. Ta ló máa béèrè bóyá ó dé ọ̀dọ̀ wa? Ẹ wá sí mítìn, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti yọ ọmọ náà ẹ wá, ìlú yín ni. Èmi máa béèrè iye tíṣà tó wà ní pámárì wáàn àti pámárì tú, torí ibẹ̀ ni ìwé kíkà ti ń bàjẹ́. Mo sì ti bẹ ìyá Igbogbo yẹn kó wá fi lẹ́tà oníyanrìn han tíṣà pámárì wáàn, ó gbà, tíṣà náà ní òun ti ń kó páálí jọ. Gọ́ọ̀mù la ò tíì ní, ẹni tó bá lè mú wá kó fi méséèjì ránṣẹ́ sí mi.