Ojú awò ìbọn kọ́ lẹ ń wò nínú fíìmù yẹn

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, mo jókòó sí ṣọ́ọ̀bù bábà kan ní Sùúrùlérè, mò ń dúró kó kàn mí. Fíìmù ogun ló wà lójú tẹlifíṣọ̀n. Snáípà kan, ìyẹn sójà tó máa ń lúgọ yìnbọn láti ọ̀nà jíjìn, ti dojú bolẹ̀ lórí òrùlé, ó fi ojú kan lé awò orí ìbọn rẹ̀. Ni wọ́n bá fi ohun tó ń rí hàn wá: òbìrìkìtì dúdú, àgbélébùú tín-ín-rín láàárín, ojú ọ̀tá kún inú rẹ̀ bámú, a tiẹ̀ ń rí òógùn níwájú orí rẹ̀. Gbàù! Ó ti tán.

"Bó ṣe rí gan-an nìyẹn," ni ọ̀gbẹ́ni kan tó jókòó ti fáànù wí. "Òyìnbó kì í fi fíìmù ogun ṣeré. Nígbà Ogun Hitler, láti kìlómítà kan, snáípà á ti ka irun imú ẹ." Bábà mi orí. Ọmọọṣẹ́ ẹ̀ náà mi orí. Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí tó ìgbà ogún, nínú dáńfó, níbi òde, lẹ́nu àwọn tó kàwé pàápàá, ó sì ti sú mi.

Irọ́ ni.

Iṣẹ́ awọnlẹ̀ ni mò ń ṣe, ó ti lé ní ogún ọdún. Àgbélébùú inú awò tí ẹ ń rí nínú fíìmù yẹn, òun ni mo fi ń jẹun. Ẹ̀rọ tí a fi ń mọ bí ilẹ̀ ṣe ga sí, èyí tí ẹ máa ń rí lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta létí títì, ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po 24. Awò ìbọn ayé Ogun Hitler kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Síbẹ̀, ẹ gbọ́ ohun tí èmi ń rí.

Lọ́sàn-án gangan, lójú títì ọlọ́dà, ooru á máa ru sókè láti ilẹ̀. Ọ̀pá onínọ́mbà tí ọmọọṣẹ́ mi gbé dúró ní ọgọ́rin mítà péré á máa jó bíi pé inú omi ló wà. Pupa á máa wọnú funfun. 3 á di 8. Bí mo bá sì sún ojú mi díẹ̀ sósì, àgbélébùú á kúrò lórí ohun tó wà, bẹ́ẹ̀ n kò fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Ní ọdún kejì tí mo wọ iṣẹ́, mo ka 1.34 sí 1.84 ní Yábàá, ọ̀gá mi sì bú mi lójú gbogbo àdúgbò. Gọ́tà tí à bá gbẹ́ ì bá máa ṣàn sẹ́yìn. Orí ẹsẹ̀ mẹ́ta ni ẹ̀rọ tèmi dúró lé o, ẹnikẹ́ni ò sì yìnbọn sí mi. Nínú fíìmù, òjò ń rọ̀, ilé ń jó, àyà sójà ń já, àwòrán inú awò dúró gbọn-in bíi fọ́tò pásípọ́ọ̀tù.

Àgbélébùú yẹn gan-an, ibo ni wọ́n ti rí i? Nínú awò àwọn Rọ́ṣíà àti ọ̀pọ̀ ti Jámánì, ọ̀pá kan tó nípọn ló yọ láti ìsàlẹ̀, orí rẹ̀ ṣe ṣóńṣó, igi méjì sì na láti ọ̀tún àti òsì láì kan ara wọn. Orí ṣóńṣó yẹn ni wọ́n ń gbé ọ̀tá lé. Ọta ìbọn kì í sì í rìn bí okùn awọnlẹ̀. Ìbọn tí wọ́n bá tò fún 100 mítà, bí wọ́n bá fi yin ẹni tó wà ní 600 láì tún awò rẹ̀ tò, ọta á ti lọ sílẹ̀ ju gíga èèyàn lọ kó tó débẹ̀. Nínú fíìmù, iwájú orí náà ni, ì báà jẹ́ òdìkejì títì, ì báà jẹ́ ìlú kejì.

Ẹ jẹ́ kí n mú èyí tí wọ́n fi ń búra. Saving Private Ryan jáde ní 1998. Spielberg tó darí rẹ̀ mú Dale Dye, kápútéènì tó ti fẹ̀yìn tì nínú Marines, ìyẹn àwọn sójà orí omi Amẹ́ríkà, kó kọ́ àwọn òṣèré ní ìṣe sójà. Kí ló wá ṣe ìbọn Jackson, snáípà inú rẹ̀? Springfield M1903A4 ni. Awò M73B1 tó rí kékeré báyìí ni àwọn sójà orí ilẹ̀ Amẹ́ríkà ń gbé sí i. Nínú fíìmù, níbì kan ẹ ó rí awò yẹn, níbòmíràn ẹ ó rí Unertl, ó gùn gbọọrọ, ti àwọn Marines tó ń bá Japan jà lórí òkun Pacific. Jackson kì í ṣe Marine, ilẹ̀ Faransé ló sì wà! Awò kì í ṣe fìlà tí èèyàn ń ṣí tó ń dé. Bí o bá yọ ọ́, o gbọ́dọ̀ yìnbọn dán an wò kí o tún un tò, kí ọta tó máa lọ síbi tí ojú ń wò. Ẹ má wulẹ̀ sọ fún mi pé sójà tòótọ́ ló ń gbà wọ́n nímọ̀ràn. Ó wà níbẹ̀.

Simo Häyhä ńkọ́? Snáípà ọmọ Finland ni, ó bá àwọn Rọ́ṣíà jà nínú yìnyín láti 1939 sí 1940. Àwọn tí wọ́n ní ó pa lé ní 500. Kò lo awò rárá. Irin orí ìbọn lásán ló fi ń wo ọ̀tá, torí pé awò á mú kó gbé orí sókè, dígí rẹ̀ á kọ mànà bí oòrùn bá kàn án, òtútù á sì bò ó lójú.

"Ṣùgbọ́n Ẹ̀gbọ́n," ni ọ̀gbẹ́ni ẹ̀gbẹ́ fáànù wí, "ẹ̀yin náà mọ̀ pé awò ń fa nǹkan súnmọ́ni."

Ó ń fà á. Báwo ló ṣe ń fà á tó? PU ti Rọ́ṣíà, tó wà lórí ìbọn Mosin-Nagant, ìlọ́po 3.5. Ọ̀pọ̀ ti Jámánì, 4. Wọ́n tún ní ZF41, ìyẹn 1.5 péré, díẹ̀ ló fi sàn ju ojú lásán. No. 32 ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì, bíi 3, Bren, ìbọn arọ̀jò-ọta, ni wọ́n sì kọ́kọ́ ṣe é fún. M73B1 Jackson kò tó 3. Unertl dé 8, mo gbà, ti òde òní sì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ogun Hitler la ń sọ.

Ẹ fi agbára awò pín ọ̀nà. Ẹni tó wà ní 700 mítà, bí ẹ bá fi PU wò ó, bí ẹni tó wà ní 200 mítà ló máa rí lójú yín. Wọ́n kàn ń wò mí.

Mo jáde lọ síbi búùtù ọkọ̀ mi, mo fa téèpù 50 mítà yọ. Ọmọọṣẹ́ bábà di orí kan mú lẹ́nu ọ̀nà, èmi wọ́ ìyókù lọ létí gọ́tà, ìgbà mẹ́rin, mò ń fi ṣọ́ọ̀kì sàmì, títí mo fi dé ẹ̀gbẹ́ màmá alákàrà ní ìkóríta. Mo padà wá. Mo ní kí ọ̀gbẹ́ni náà dúró lẹ́nu ọ̀nà, kó ka ohun tó rí fún mi.

Ó ṣẹ́jú. Ó rí agboòrùn. Ó rí èéfín. Ó rí ìborí aláwọ̀ ewé.

"Irun imú ńkọ́?"

Kò dáhùn. Mo ní kó sọ bóyá ọ̀dọ̀ wa ni màmá ń wò àbí inú agbada. Ó fi ọwọ́ ṣíji bo ojú, ó ní òun ò lè sọ.

Ọ̀dọ̀ wa ló ń wò. Ó ti dìde, ó ń bọ̀ lójú títì, síbí tó fi ń yí àkàrà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kù bí ogún mítà kó dé ọ̀dọ̀ wa ká tó rí i pé ó ti fajú ro.

"Ẹ̀yin ará ìjọba," ló ké, "ṣọ́ọ̀bù ta lẹ tún wá wọ̀n tí ẹ fẹ́ wó?"