Ẹ yé gbá áàpù dànù lálaalẹ́, òun kọ́ ló ń jẹ iná tábúlẹ́ẹ̀tì yín

Tábúlẹ́ẹ̀tì kan wà nílé wa ní Kubwa níbí, iṣẹ́ ẹ̀ ò ju káwọn ọmọ fi wo kátúùnù nírọ̀lẹ́ lọ. Lálẹ́ ọjọ́ kan mo gbé e sórí fíríìjì ní aago mọ́kànlá, 84% ló wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án, mo jí ní aago mẹ́fà mo bá 55%. Mo ní háà, ta ló ń lò ó lóru, àbí iwin ti ń wo kátúùnù ni?

Kò sẹ́ni tí mo sọ fún tí ò fún mi ní èsì kan náà. Ìyàwó mi ní "Dádì Ìbùkún, ṣé ẹ kilíà àwọn áàpù tẹ́ ẹ ṣí?" Àbúrò mi pè láti Ìlọrin, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa gbá gbogbo ẹ̀ dànù kẹ́ ẹ tó sùn jàre." Alhaji tó ń tún fóònù ṣe ládùúgbò wa ní tiẹ̀ sọ pé bátìrì ló ti gbó, kí n mú ₦18,000 wá. Èmi náà kúkú ti ń gbá áàpù dànù láti ọjọ́ tó ti pẹ́, kí n tó sùn màá gbá wọn, fíẹ́ fíẹ́ fíẹ́, ọkàn mi á wá balẹ̀ bíi ti ẹni tó ti ti gbogbo ilẹ̀kùn ilé ẹ̀.

Ẹ wò ó, ẹ̀rí wà lọ́wọ́ gbogbo wa pé irọ́ ni. Ẹ gbá WhatsApp dànù báyìí, kẹ́ ẹ gbé fóònù sílẹ̀, kẹ́ ẹ ní kí ẹnì kan fi mẹ́sééjì ránṣẹ́ sí yín. Ṣé ò ní dún ni? Á dún. Tó bá jẹ́ pé ẹ ti pa á lóòótọ́, ta ló gba mẹ́sééjì yẹn wọlé? Àwòrán áàpù yẹn lẹ gbá kúrò lójú, ọ̀pọ̀ ìgbà iṣẹ́ tó ń ṣe lábẹ́lẹ̀ ṣì ń lọ.

Àwọn tó kù tẹ́ ẹ̀ ń rí tí wọ́n tò síbẹ̀, tí wọn ò gba mẹ́sééjì tí wọn ò kọrin, wọ́n kàn jókòó sínú RAM ni, ìyẹn ibi tí ẹ̀rọ ń kó ohun tó ń lò lọ́wọ́ sí, RAM ọ̀hún sì rèé, bó kún bó ṣófo, iná kan náà ló ń jẹ. Ìkòkò tó wà lórí pẹpẹ kì í jẹ gáàsì, èyí tó wà lórí iná ni kẹ́ ẹ wá. Tẹ́ ẹ bá wá pa áàpù tẹ́ ẹ tún ṣí i lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, ńṣe ló dà bí ẹni tó ń pa èédú tó tún ń dá a, ìgbà ìdáná gan-an ni kẹrosíìnì ń lọ.

Kì í ṣe èmi nìkan ló sọ ọ́ o. Ní 2016 Craig Federighi tó jẹ́ ọ̀gá sọ́fúwíà ní Apple dá ẹnì kan tó béèrè bóyá pípa áàpù ń ràn bátìrì lọ́wọ́ lóhùn, ó ní rárá. Lọ́dún yẹn kan náà Hiroshi Lockheimer tó jẹ́ ọ̀gá Android nígbà náà sọ pé ó tiẹ̀ lè mú un burú sí i díẹ̀. Láti 2015 tí Android 6.0 ti dé ni nǹkan tí wọ́n ń pè ní Doze ti wà nínú ẹ̀, tẹ́ ẹ bá gbé tábúlẹ́ẹ̀tì sójú kan, tí ojú ẹ̀ kú, tí kò sí lórí ṣájà, tó bá ti ṣe díẹ̀ á di àwọn áàpù lọ́wọ́ di wọ́n lẹ́sẹ̀, á máa tú wọn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kí wọ́n lè ráyè ṣe iṣẹ́ wọn.

Kí ló wá ń jẹ tèmi? Mo dán an wò ni. Alẹ́ àkọ́kọ́ mo gbá gbogbo áàpù dànù, ó já 28%. Alẹ́ kejì mo fi gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ ní ṣíṣí, nǹkan bíi mẹ́rìnlá, ó já 29%. Ẹ ò rí i? Alẹ́ kẹta mo fi sí airplane mode tó ń pa nẹ́tíwọ̀kì, 2% péré ló lọ. Ara mi bù máṣọ. Bátìrì tó ti gbó ò lè ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí náà Alhaji, ₦18,000 mi ṣì wà lápò mi.

Mo wọ sẹ́tíńgì, mo tẹ Battery, ẹni tó wà lókè pátápátá ni nẹ́tíwọ̀kì. Símù kan wà nínú ẹ̀ tí mo rà nígbà kan tá a ń gba Lọ́kọ́jà kọjá, mo ti gbàgbé ẹ̀, dátà ò sí lórí ẹ̀, nẹ́tíwọ̀kì ẹ̀ nílé wa sì jẹ́ igi kan tó ń wá tó ń lọ. Tábúlẹ́ẹ̀tì sì nìyí, gbogbo òru ló fi ń pariwo wá òpó nẹ́tíwọ̀kì, bí ẹni tó ń pe èèyàn láti ìkangun ọjà kan sí ìkejì, bí onítọ̀hún bá ṣe jìnnà tó ni ohùn á ṣe lọ sókè tó, ohùn yẹn ló ń jẹ iná.

Mo yọ símù, ó ṣì já 13%. Ẹnì kejì tí mo wá rí níbẹ̀, ojú tì mí láti sọ ọ́: áàpù kan tó ní òun ń "tọ́jú bátìrì" ni, èmi fúnra mi ni mo gbé e wọlé, èmi náà ni mo tẹ Unrestricted fún un nígbà tó bẹ̀ mí, ìyẹn ni pé Doze ò gbọ́dọ̀ fi bẹ́ẹ̀ dè é mọ́. Olè tí mo fi ṣe ọdẹ! Mo yọ ọ́ dànù, alẹ́ ọjọ́ yẹn 3% ló lọ.

Àwọn áàpù kan wà tó yẹ kẹ́ ẹ pa o, èyí tó há, tàbí máàpù tó ṣì ń júwe ọ̀nà fún yín nígbà tẹ́ ẹ ti délé. Bátìrì náà sì ń gbó lóòótọ́, pàápàá tẹ́ ẹ bá ń fi í sílẹ̀ nínú mọ́tò nínú oòrùn Abuja lóṣù kẹta, ooru ò dáa fún un rárá. Ṣùgbọ́n ẹ fi sí airplane mode lálẹ́ ọjọ́ kan ná kẹ́ ẹ tó lọ fowó ra bátìrì.

Ìyàwó mi ṣì ń gbá tiẹ̀ dànù o. Ó ní kì í ṣe torí bátìrì mọ́, ó ní ó kàn ń jẹ́ kí ojú fóònù òun mọ́ ni.