Gbèsè Oore: Àlàyé Òwe Kan Lórí Àwọn Ọmọ Ogun Tó Ti Fẹ̀yìn Tì Ní Èkó

Àwọn àgbà ní, "Ẹni a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni." Ọmọdé tó gba ẹ̀bùn láìwí nǹkan ni ọ̀pọ̀ wa máa ń pa òwe yìí fún, bí ẹni pé orí ahọ́n ni ọpẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà ló sì ń parí sí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí àwọn àgbà fi àìmoore wé. Wọn kò fi wé èébú, wọn kò sì fi wé àìlẹ́kọ̀ọ́. Olè jíjà ni wọ́n fi wé. Ẹni tó ṣe oore ti yọ nínú ohun ìní rẹ̀ fún ẹlòmíràn, bí ẹni tó gbà á kò bá sì mọ rírì rẹ̀, àdánù gidi ló bá olóore. Òwe yìí ni mo fẹ́ fi yẹ ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ogun wa tó ti fẹ̀yìn tì wò ní ìlú Èkó, nítorí ó dá mi lójú pé a jẹ wọ́n ní gbèsè tí òdòdó ọjọ́ kan ṣoṣo láàárín ọdún kò lè san.

Lọ́dọọdún, ní ọjọ́ 15 oṣù Kìn-ín-ní, Gómìnà Ìpínlẹ̀ Èkó a máa lọ sí gbàgede ìrántí tó wà ní Tafawa Balewa Square, ibi tí ẹṣin ti ń sáré ìje láyé àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ọmọ ogun a yan, fèrè a dún, ìbọn a ró, wọ́n a tú ẹyẹlé sílẹ̀ fún àmì àlàáfíà, àwọn aláṣẹ a sì fi òdòdó ẹ̀yẹ lélẹ̀ fún ọmọ ogun tí ẹnikẹ́ni kò mọ orúkọ rẹ̀. Tẹ́lẹ̀ rí, ọjọ́ 11 oṣù Kọkànlá ni a ń ṣe ìrántí yìí, bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń ṣe tiwọn. A yí i padà nítorí pé ní ọjọ́ 15 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1970 ni Philip Effiong, tó ń darí Biafra nígbà náà, wá túúbá níwájú Yakubu Gowon, olórí ìjọba Nàìjíríà, tí ogun abẹ́lé sì parí. Ní Dodan Barracks, ní Èkó wa níbí, ni ó sì ti ṣẹlẹ̀. Ayẹyẹ náà dára, n kò fẹ́ kí a yọ nǹkan kan kúrò nínú rẹ̀. Ohun tó ń dùn mí ni pé òkú ni a ń yẹ́ sí níbẹ̀ jù, nígbà tí alààyè jókòó lábẹ́ àtíbàbà, tí a bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, tí ó sì dá wọ ọkọ̀ padà sí Agége tàbí Ìkòròdú láìsí ẹni tó bi í bí owó oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ ṣe ń wá.

Ẹni tó bá ń wọ dánfó káàkiri Èkó ń gba àárín ìrántí ogun kọjá láìfura. Bárékè Dodan tó wà ní Ọbáléndé, bárékè Arakan tó wà ní Àpápá, orúkọ ilẹ̀ Bọ́mà ni wọ́n, níbi tí àwọn ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ìpín 81 àti ìpín 82, ti bá àwọn ará Jàpáànù jà títí ogun Hítílà fi parí ní 1945. Nínú àwọn tó lọ síbẹ̀, Isaac Fadóyèbó ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í kúrò lọ́kàn mi. Ọmọ Ẹmùré-Ilé, lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, ni, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tọ́jú àwọn tó gbọgbẹ́. Ní oṣù Kẹta ọdún 1944, àwọn ọ̀tá lúgọ dè wọ́n ní àfonífojì Kaladan, ìbọn bà á lẹ́sẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kú, òun àti David Kargbo, ọmọ Sàró, nìkan ló kù nínú igbó. Àgbẹ̀ kan, Mùsùlùmí, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Shuyiman, ló ń gbé oúnjẹ wá fún wọn, tó sì fi wọ́n pamọ́ sínú ilé ara rẹ̀ nígbà tó yá, títí ìrànlọ́wọ́ fi dé ní ìparí ọdún náà. Bí àwọn ọ̀tá bá mọ̀, wọn ì bá pa á pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ. Fadóyèbó padà délé, ó ṣiṣẹ́ ìjọba, ó sì dàgbà kí ó tó kú ní ọdún 2012. Shuyiman kò jẹ ọmọ Yorùbá yìí ní gbèsè kankan, wọn kò tilẹ̀ gbọ́ èdè ara wọn, síbẹ̀ ó bọ́ ọ. Kí ni àwa tí a jẹ irú Fadóyèbó ní gbèsè yóò wá wí?

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa ń wí. Wọ́n a ní, "Igbá olóore kì í fọ́, àwo olóore kì í fàya, towó tọmọ ní í ya ilé olóore," kí a fi wọ́n sílẹ̀ fún Ọlọ́run, òun ni yóò san án. Òwe tòótọ́ ni. Ṣùgbọ́n olóore ni a ń pa á fún láti tù ú nínú. A kò pa á fún ajigbèsè kí ó lè rí ibi sá pamọ́ sí.

Àwọn mìíràn tún wà tí àìfẹ́ gbọ́ orúkọ ṣọ́jà wọn ní ìdí, n kò sì ní fojú kéré ìdí náà. Èkó ni olú-ìlú ní gbogbo àsìkò tí ìjọba ológun fi gorí ara wọn láti 1966, títí wọ́n fi kó ìjọba lọ sí Àbújá ní 1991. Ọ̀pọ̀ ará ìlú yìí ló jẹ kóbókò ní gbangba nítorí pé mọ́tò wọn kò tètè kúrò lọ́nà, àwọn kan pàdánù ilé, àwọn mìíràn pàdánù ọmọ nínú ìwọ́de. Ìrora yẹn kì í ṣe irọ́, ẹnikẹ́ni tó bá sì lu ènìyàn níyà kò gbọdọ̀ fi aṣọ ìjọba bo ara. Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí a ya èyí sọ́tọ̀ kúrò lára tọ̀hún. Àwọn tó gba ìjọba tí wọ́n sì fi ọrọ̀ fẹ̀yìn tì kì í ṣe àwọn tó ń tò síbi àyẹ̀wò owó ìfẹ̀yìntì nínú oòrùn. Ẹni tí mò ń wí ni kọ́pùrà tí wọ́n kó lọ sí Làìbéríà láti ọdún 1990 síwájú, tí ó fi ojú kan sílẹ̀ síbẹ̀, àti ọmọkùnrin tó ti Bornó dé láìpẹ́ yìí pẹ̀lú ẹsẹ̀ kan. Àṣẹ ni wọ́n tẹ̀lé. Kò sí ẹni tó bi wọ́n léèrè bóyá wọ́n fẹ́ lọ.

Ní ti ètò tó wà nílẹ̀, ó yẹ kí ìdílé ológun mọ ibi tí ohun kọ̀ọ̀kan wà. Kí ọmọ ogun tó bọ́ aṣọ, ibùdó NAFRC (Nigerian Armed Forces Resettlement Centre) ní Òṣòdì ni a ti ń kọ́ ọ ní iṣẹ́ tí yóò máa ṣe jẹun ní ayé tuntun. Láti 2011 tí wọ́n ti yọ àwọn ológun kúrò nínú ètò ìfẹ̀yìntì alájọdá, Military Pensions Board ní Àbújá ló ń san owó wọn, òun náà ló sì ń ṣe àyẹ̀wò láti mọ ẹni tó ṣì wà láàyè. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa (Constitution), ní apá 173, sọ pé kí a máa tún owó ìfẹ̀yìntì gbé yẹ̀ wò lẹ́yìn ọdún márùn-ún márùn-ún, tàbí nígbàkígbà tí a bá fi kún owó oṣù àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́, èyí tó bá kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀. Bí ó tilẹ̀ rí bẹ́ẹ̀, a ti rí àwọn bàbá arúgbó tí wọ́n na ẹní sí ẹnu ọ̀nà ilé-iṣẹ́ ìṣúná ní Àbújá láti béèrè ẹ̀tọ́ wọn.

Àbújá ni a máa ń bá wí, ó sì yẹ kí a bá a wí, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú ohun tó ń pa àwọn àgbà yìí lára kò ju agbára àdúgbò lọ. Ìwé ni ti àkọ́kọ́. Ọ̀pọ̀ opó ló ń jìyà nítorí pé orúkọ ẹlòmíràn, bóyá bàbá ọkọ tó ti kú tipẹ́, ni ọkọ wọn kọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí yóò gba ẹ̀tọ́ rẹ̀, ọjọ́ tó wọṣẹ́ ogun ló kọ ọ́, kò sì rántí yí i padà. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ bá bàbá yín jókòó nísinsìnyí tí ojú rẹ̀ ṣì mọ́lẹ̀, ẹ fi ọ̀wọ̀ béèrè nọ́mbà iṣẹ́ rẹ̀, ìwé tí wọ́n fi dá a sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, àti orúkọ tó wà nínú fọ́ọ̀mù náà. Bí ọ̀rọ̀ bá ti di ẹjọ́, ilé-iṣẹ́ OPD (Office of the Public Defender) ti Ìpínlẹ̀ Èkó a máa gba ẹjọ́ tálákà rò lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó bá ti pàdánù ẹ̀yà ara, LASODA tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn akàndá ẹ̀dá ní Èkó ni kí ó lọ fi orúkọ sílẹ̀ sí. Ètò ìdójútòfò ìlera ti Ìpínlẹ̀ Èkó tí wọ́n ń pè ní Ìlera Èkó náà wà. Ìjọ, mọ́sáláṣí tàbí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú lè san owó ọdún kan fún bàbá kan.

Ọgbẹ́ tí a kò fojú rí ló ń ṣòro jù. Bàbá kan a máa ta gìrì lóru, a máa pariwo bí wọ́n bá yin bàǹgà lọ́jọ́ Kérésìmesì, a máa mutí títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, àwọn ará ilé a sì ní ayé ló ń ṣe é, tàbí pé igbó tó fà ní bárékè ló dé sí i lórí. Ogun ló ṣì ń jà nínú rẹ̀. Àwọn dókítà mọ àìsàn yìí, wọ́n sì ń tọ́jú rẹ̀ ní ilé ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀ ní Yábàá àti ní ẹ̀ka rẹ̀ ní Òṣòdì. Ìtìjú orúkọ "Yaba Left" ni kì í jẹ́ kí a gbé wọn lọ. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹ̀rù ohun tí ará ilé kejì yóò wí jẹ́ kí ẹ fi bàbá yín sílẹ̀ sínú òkùnkùn yẹn.

Ìbọ̀wọ̀ fúnni náà jẹ́ ara oúnjẹ. Ní ẹnu ọ̀nà báńkì àti ilé-iṣẹ́ ní Broad Street àti Marina, ẹ ó rí àwọn àgbà Legion, ẹgbẹ́ àwọn ọmọ ogun tó ti fẹ̀yìn tì, tí wọ́n wọ aṣọ iṣẹ́, tí wọ́n gbé àmì ẹ̀yẹ sí àyà, tí ọmọ ọdún méjìlélógún ń kígbe mọ́ pé kí wọ́n ṣí géètì kíákíá. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ogún ọdún nígbà tí ogun abẹ́lé bẹ̀rẹ̀ ní 1967 ti ń lọ sí ọgọ́rin ọdún. Ẹ kúnlẹ̀ kí i, ẹ dọ̀bálẹ̀ kí i, ẹ pè é ní Bàbá. Àwọn àgbà tún ní bí a bá dúpẹ́ oore àná, a ó rí òmíràn gbà. Àwọn ọ̀dọ́ tí a ń retí pé kí wọ́n lọ dojú kọ àwọn agbésùnmọ̀mí lókè Ọya ń wo bàbá yìí lẹ́nu géètì, ohun tí wọ́n bá sì rí ni yóò sọ fún wọn bóyá kí wọ́n lọ.

Ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò (CDA) wà ní àdúgbò púpọ̀ láti Ìsàlẹ̀ Èkó títí dé Alímòṣọ́, wọ́n sì máa ń ṣe ìpàdé. Ọ̀rọ̀ gọ́tà àti tírańsífọ́mà ló máa ń gba gbogbo àkókò níbẹ̀. Kí alága fi ọ̀rọ̀ yìí kún un ní ìpàdé tó ń bọ̀, kí akọ̀wé mú ìwé, kí a kọ orúkọ ológun àti opó ológun tó wà ní ojúlé kọ̀ọ̀kan, ohun tí oníkálukú wọn nílò, àti orúkọ ẹni tí yóò bá wọn dé ibi tí wọn yóò ti rí i gbà.