Ta ló la ọ̀nà fún kẹ̀kẹ́?

Ẹnìkan kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán ìrìn-àjò kẹ̀kẹ́ mi ní Sípéènì lánàá pé: "Ẹ wo bí àwọn òyìnbó ṣe mọyì ọmọ ènìyàn tó. Wọ́n la odindi ọ̀nà fún kẹ̀kẹ́ nìkan, mọ́tò ò gbọdọ̀ gbabẹ̀." Kí n tó jí láàárọ̀, àwọn tó fẹ́ràn ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti pọ̀ ju àwọn tó fẹ́ràn àwòrán mi lọ. Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá ni ara mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Ta ló la ọ̀nà? Fún kẹ̀kẹ́ wo?

Ẹ̀yin tí ẹ ń bá mi bọ̀ láti oṣù tó kọjá ti rí gbogbo rẹ̀: èmi àti kẹ̀kẹ́ mi (ẹlẹ́sẹ̀ méjì o, kì í ṣe Márúwá), báàgì méjì lẹ́yìn, igi ólífì lọ́tùn-ún, igi ólífì lósì, títí dé ibi tí ojú ò lè ríran mọ́. Andalusia ni, lápá gúúsù ilẹ̀ Sípéènì. Jaén ni mo ti gbéra, Puente Genil ni mo ń lọ, kìlómítà 128. Mi ò débẹ̀. Orúnkún mi ló bá mi ṣẹjọ́ lójú ọ̀nà, màá sọ ìyẹn láìpẹ́. Vía Verde del Aceite ni wọ́n ń pe ọ̀nà náà, ìyẹn ọ̀nà aláwọ̀ ewé ti òróró. Ẹ fọkàn sí òróró yẹn dáadáa, nítorí òun ló ni ọ̀nà, kì í ṣe èmi, kì í ṣe kẹ̀kẹ́.

Reluwé ni. Ojú irin ni wọ́n tẹ́ síbẹ̀, ó sì parí ní ọdún 1893, kí wọ́n lè máa fi kó òróró ólífì jáde láti inú àwọn ìlú kéékèèké wọ̀nyẹn: Martos, Alcaudete, Luque, Cabra, Lucena. Ẹni tó bá gun kẹ̀kẹ́ níbẹ̀ á rò pé àánú àwọn arìnrìn-àjò ló ṣe ẹni tó la ọ̀nà, nítorí o ò ní í rí òkè kan tó máa sọ ọ́ kalẹ̀ kí o máa ti kẹ̀kẹ́. Àánú kọ́. Ọkọ̀ eléèéfín ayé ìgbà yẹn kì í lè gun òkè gíga, pàápàá tí ẹrù bá wà lẹ́yìn rẹ̀. Ibi tí òkè bá wà, wọ́n á dá a lu. Ibi tó bá jẹ́ àfonífojì, wọ́n á gbé afárá irin lé e. Mo gun afárá tó wà lórí odò Guadajoz, níbi tí ilẹ̀ Jaén ti parí tí ti Córdoba ti bẹ̀rẹ̀. Atẹ́gùn ń fẹ́ bíi pé mo jẹ ẹ́ lówó, mo di bíréèkì mú bí ẹni di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú lọ́jà. Lẹ́yìn náà ni mo rí Zuheros lókè, ilé funfun báláú tó rọ̀ mọ́ àpáta, ilé olódi àtijọ́ lórí rẹ̀. Ó lẹ́wà. Mi ò sọ pé kò lẹ́wà.

Ohun tó ń bí mi nínú ni pé a kì í béèrè bí ibẹ̀ ṣe dákẹ́ rọ́rọ́. Ní oṣù kìíní ọdún 1985 ni ìjọba Sípéènì ti ọ̀pọ̀ ojú irin pa lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n ní wọn ò mówó wọlé. Àwọn ọdún yẹn náà ni ti òróró yìí dáwọ́ dúró. Wọ́n tú irin, wọ́n kó o lọ, wọ́n fi ilẹ̀ sílẹ̀. Ọdún 1993 ni ètò tí wọ́n pè ní Vías Verdes (àwọn ọ̀nà aláwọ̀ ewé) tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n da yẹ̀pẹ̀ àti ọ̀dà títì sí i, wọ́n ní kí àwa ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ máa bọ̀. Ó ti ju ẹgbẹ̀rún mẹ́ta kìlómítà lọ báyìí káàkiri ilẹ̀ wọn. Ẹ̀yin ń pàtẹ́wọ́ sí ẹgbẹ̀rún mẹ́ta. Èmi ń ka ẹgbẹ̀rún mẹ́ta kìlómítà tí ọkọ̀ ojú irin ò rìn mọ́.

(Ọ̀kan tiẹ̀ wà, láti Olvera dé Puerto Serrano, kìlómítà 36, ihò abẹ́ òkè 30 ló wà níbẹ̀, ọkọ̀ ojú irin kankan ò sì gbabẹ̀ rí láyé. Wọ́n gbẹ́ ẹ tán ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, owó àti ogun ò jẹ́ kí wọ́n tẹ́ irin sí i. Àbíkú nìyẹn: ó kú bíi reluwé, ó tún wáyé bí ọ̀nà kẹ̀kẹ́.)

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ń dùn mí, Ọ̀ffà ni mo dàgbà sí. Ìyá mi ta ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín ní téṣàn. Nígbà tí ọkọ̀ Kano bá fọn fèrè, gbogbo àdúgbò la máa ń sáré. Mo mọ bí téṣàn ṣe máa ń rí lọ́jọ́ tí ọkọ̀ ò wá, àti lọ́jọ́ kejì rẹ̀, àti ní oṣù kejì rẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa ya fọ́tò rẹ̀ kó ní ó dákẹ́ rọ́rọ́.

Ẹ jẹ́ n sọ ti Cabra.

Orúnkún ti pa mí tì, mo wá ronú pé màá wọ ọkọ̀ lọ sí ìlú Córdoba. Téṣàn wà ní Cabra. Mo dé iwájú rẹ̀, mo ń tiro, mo ń wá ibi tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ni. Wọ́n kó ìtàn ọkọ̀ òróró síbẹ̀ kí àlejò lè wò ó. Ẹ̀yin èèyàn mi, ojú ọ̀nà reluwé ni mo gùn láti Jaén, mo wà ní ẹnu téṣàn reluwé, kò sì sí reluwé tó lè gbé mi kúrò níbẹ̀.

Mo bá lọ dúró de bọ́ọ̀sì. Bọ́ọ̀sì dé. Awakọ̀ wo kẹ̀kẹ́ mi, ó wo ọ̀dà tó lẹ̀ mọ́ ọn, ó mi orí. Ó ní àfi tí mo bá dì í. Kí n fi kí ni dì í? Ó gbé èjìká sókè. Ó ti ilẹ̀kùn, ó lọ. Èkejì di wákàtí méjì ààbọ̀ sí i, oòrùn sì wà láàárín orí.

Bàbá àgbàlagbà kan jókòó lórí bẹ́ńṣì níbẹ̀, ọ̀pá lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ti rí gbogbo rẹ̀. Èdè Sípéènì mi ò ju ti ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi lọ, ṣùgbọ́n wọ́n ní sùúrù, wọ́n ń fi ọwọ́ ṣàlàyé. Wọ́n ní ìgbà táwọn wà lọ́mọdé, òórùn òróró ló máa ń kọ́kọ́ sọ fún ìlú pé ọkọ̀ ti ń bọ̀. Wọ́n ní ọkọ̀ yẹn kan náà ni ẹ̀gbọ́n àwọn méjì wọ̀ lọ ṣiṣẹ́ ní Barcelona, wọn ò sì padà wá gbé mọ́. Inú mi ń dùn. Mo ti ń kó ọ̀rọ̀ jọ tí màá wá kọ síbí fún yín.

Lójijì ni wọ́n dìde, wọ́n ní "dúró", wọ́n bá ọ̀nà lọ. Mo rò pé wọ́n ti lọ sílé lọ jẹun. Nígbà tó yá ni mo rí wọn tí wọ́n ń wọ́ àwọ̀n ńlá kan bọ̀, irú èyí tí wọ́n máa ń tẹ́ sábẹ́ igi nígbà tí wọ́n bá ń lu ólífì sílẹ̀. Wọ́n ti lò ó gbó. Àwa méjèèjì la fi yí kẹ̀kẹ́ náà ká bí ẹni ń dì ẹrù ìyàwó, wọ́n sì fi okùn so ó. Ewé ólífì gbígbẹ ń já bọ́ sí wa lára.

Nígbà tí a dì í tán ni mo bi wọ́n léèrè. Mo ní, bàbá, tí wọ́n bá sọ pé ọkọ̀ ojú irin ń padà bọ̀ ńkọ́? Mo mọ èsì tí mo fẹ́. Mo ti gbé e kalẹ̀ fún wọn.

Wọn ò dáhùn kíá. Wọ́n na ọ̀pá sí apá ibi tí ọ̀nà náà wà. Wọ́n ní láti ìgbà tí dókítà ti ní káwọn máa rìn, àwọn àti ìyàwó àwọn kì í pa ìrọ̀lẹ́ kan jẹ níbẹ̀. Kò sí mọ́tò, kò sí òkè, ẹsẹ̀ ìyàwó wọn ò lè gun òkè mọ́. Wọ́n wá bi mí padà: "Níbo la ó wá máa rìn?"

Bọ́ọ̀sì kejì dé, awakọ̀ yìí wo àwọ̀n, ó rẹ́rìn-ín, ó ṣí ibi ẹrù. Mo dọ̀bálẹ̀ tán kí n tó rántí pé obìnrin ni mí; ìdùnnú ló fà á. Mo kúnlẹ̀. Bàbá ò mọ ohun tí mò ń ṣe.

Àwọ̀n náà wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn mi ní Leeds báyìí, ó ṣì ń da ewé sílẹ̀. Ìwọ tí o kọ̀wé sábẹ́ àwòrán mi, mo ṣì ń bínú sí ọ. Wọn ò la ọ̀nà kankan fún kẹ̀kẹ́. Ṣùgbọ́n láti àárọ̀ ni mo ti ń wo ọ̀nà mìíràn, Olot sí Girona ní Sípéènì kan náà, kìlómítà 54, reluwé kékeré kan tí wọ́n tì pa ní 1969. Ìsọ̀kalẹ̀ ló pọ̀ jù níbẹ̀, orúnkún mi á gbà á. Ẹni tó bá ti débẹ̀ rí, ẹ jọ̀ọ́: ṣé bọ́ọ̀sì ibẹ̀ máa ń gbé kẹ̀kẹ́?